Èsì: Lésà níbi tí a ti ń wo ìràwọ̀

Ẹ kú ìbéèrè o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ṣé kí ẹ mú lésà aláwọ̀ ewé yín, iná kékeré tí a fi ń tọ́ka sí nǹkan, wá nígbà tí a bá ń wo ìràwọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ẹ mú un wá, àmọ́ kó wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Bí ọmọdé bá béèrè pé èwo ni Saturn láàárín àwọn ohun tó ń tàn lójú ọ̀run, ìlà iná aláwọ̀ ewé yẹn ló máa ń dáhùn jù, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí eruku ń jẹ́ kó hàn kedere.

Lésà tí agbára iná rẹ̀ jẹ́ mílíwáàtì 5 ti tó. Ẹ má gba ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ gbọ́ pátápátá, ọ̀pọ̀ tó wà lọ́jà ló lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ọkọ̀ òfuurufú. Ìlà tó tín-ín-rín lọ́wọ́ yín máa ń fẹ̀ sí i bó ṣe ń jìnnà. Tó bá fi máa dé iwájú awakọ̀, ó lè bo gbogbo gíláàsì rẹ̀, kó má ríran mọ́. Tí ẹ bá ti rí iná tó ń ṣẹ́jú tó sì ń rìn, ẹ pa lésà yín lójú ẹsẹ̀.

Ẹ bi àwọn tó ń ya fọ́tò ìràwọ̀ kí ẹ tó tàn án, kí ìlà rẹ̀ má bàa ba fọ́tò wọn jẹ́. Kí ẹ sì yọ bátìrì rẹ̀ kí ẹ tó padà sílé, nítorí àwọn ọmọ.