Ẹ jẹ́ kí àwòrán dúró ná, kí ẹ tó dá joystick lẹ́bi

Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ka ìbéèrè yín dáadáa. Quest 3, headset VR tí wọ́n ń gbé wọ ojú, lẹ rà, kọ̀ǹpútà yín ń lo káàdì àwòrán RTX 3060, eré bàálù Microsoft Flight Simulator 2020 lẹ sì ń fò. Bí ẹ bá yí orí, àwòrán á máa gbọ̀n. Nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ inú bàálù ò ṣeé kà. Bí ẹ bá sì ti sún mọ́ ilẹ̀, bàálù á bẹ̀rẹ̀ sí í fì sọ́tùn-ún, fì sósì. Ẹ wá gbà pé joystick, ọ̀pá tí ẹ fi ń darí bàálù, ti bàjẹ́, ẹ fẹ́ ra tuntun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tọwọ́ bọ àpò. Ó ṣeé ṣe kí joystick yẹn má ní àléébù kankan.

Ohun tí ojú mi ti rí lórí ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Nígbà tí bàálù bá ń balẹ̀, ojú ló ń rán ọwọ́ níṣẹ́. Ẹ rí i pé apá òsì ń lọ sílẹ̀, ẹ ti joystick díẹ̀ sọ́tùn-ún. Bí àwòrán bá pẹ́ kó tó dé ojú yín, ẹ ò ní í mọ̀ pé bàálù ti gbọ́, ẹ ó tún tì í sí i. Nígbà tí méjèèjì bá jọ dé, ó ti fì kọjá ibi tí ẹ fẹ́, ẹ ó wá máa lé e padà. Joystick tí mo ní nígbà tí bàálù tèmi ń fì náà ni mo ṣì fi ń balẹ̀ lónìí. Àwòrán ni mo tún ṣe.

Bí Quest 3 bá wà lórí 90 Hz, ìyẹn àwòrán 90 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ parí àwòrán tuntun láàárín mìlísẹ́kọ́ndì 11.1, fún ojú méjèèjì. RTX 3060 ò lè ṣe ìyẹn nínú eré yìí. Ní 72 Hz, mìlísẹ́kọ́ndì 13.9 ni, ó ṣì le. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti rọrùn ni pé kí ẹ fi headset sí 72 Hz, kí kọ̀ǹpútà máa ya àwòrán 36 péré, kí ẹ sì tan Spacewarp kó máa bá yín dí àlàfo àárín wọn. Nígbà náà, ẹ ní mìlísẹ́kọ́ndì 27.8 fún àwòrán kọ̀ọ̀kan, agbára 3060 sì lè ká ìyẹn. Nínú Virtual Desktop, áàpù tó ń gbé àwòrán kọ̀ǹpútà lọ sínú headset, ẹ fi Synchronous Spacewarp sí Always enabled, kó má máa tàn, kó má máa kú. Abẹ̀bẹ̀ iwájú bàálù á máa rí wúruwùru díẹ̀, etí apá náà á máa mì. Mo gba ìyẹn tọwọ́ tẹsẹ̀. Àwòrán 36 tí kò yẹsẹ̀ sàn fún mi ju 50 tó ń já wálẹ̀ sí 28 nígbàkigbà tó bá wù ú.

Ẹ wá wo ẹni tó ń fa ìdádúró. Nínú General Options ti eré náà, ẹ tan Developer Mode, kí ẹ jẹ́ kó máa fi FPS, iye àwòrán ní ìṣẹ́jú àáyá kan, hàn. Á kọ ọ́ síbẹ̀ bóyá MainThread (olórí iṣẹ́ CPU, ọpọlọ kọ̀ǹpútà) ló ń dí yín lọ́wọ́ ni tàbí GPU (káàdì àwòrán). Ibí yìí ló ti ń dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́: wọ́n á dín ìkùukùu kù, wọ́n á dín òjìji kù, nǹkan ò ní yí padà, nítorí pé CPU ló rẹ̀. Bó bá jẹ́ MainThread, Terrain Level of Detail, bí ilẹ̀ ọ̀nà jíjìn ṣe ń hàn fínnífínní tó, ni kí ẹ kọ́kọ́ fà wálẹ̀. Tèmi kì í kọjá 70 nínú VR. Lẹ́yìn náà, ẹ dín ọkọ̀ àti èrò orí pápá kù, kí ẹ sì fi Glass Cockpit Refresh Rate (bí ojú ẹ̀rọ inú bàálù ṣe ń yára yí) sí Medium. Bó bá jẹ́ GPU, ẹ fi ìkùukùu sí Medium, Reflections sí Low, Ambient Occlusion sí Low. Texture ní tirẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ ní High bí mẹ́mọ́rì 3060 yín bá jẹ́ 12 GB. Ẹ ṣọ́ra o: taabù VR ní inú Graphics yàtọ̀ sí taabù PC. Ohun tí ẹ bá yí padà ní taabù PC ò ní kan headset rárá.

Ní ti nọ́ńbà tí kò ṣeé kà, ẹ kọ́kọ́ tún headset gbé kalẹ̀ lójú. Ẹ gbé e sókè, ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, títí lẹ́tà tó wà láàárín gan-an á fi mọ́ kedere, kí ẹ sì yí kẹ̀kẹ́ kékeré tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kó bá àlàfo àárín ojú yín mu. Bó bá ṣì ń rí bàìbàì, ẹ wo DLSS, ọgbọ́n tí káàdì náà fi ń ya àwòrán kékeré, kó tó fẹ̀ ẹ́. Ẹ jókòó sínú Cessna 172 tó ní G1000, ojú ẹ̀rọ tó dà bíi ti tẹlifíṣàn, ẹ máa gòkè, kí ẹ tẹjú mọ́ ibi tí gíga ti ń yí: nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan á máa fa ìrù tẹ̀ lé ara rẹ̀ bó ti ń kọjá. DLSS ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. TAA, ọ̀nà kejì tí eré náà fi ń mú etí àwòrán dán, mọ́ jù ú lọ, àmọ́ ó wúwo. Bí mo bá ń fo bàálù tó jẹ́ aago lásán ló wà níwájú rẹ̀, DLSS Quality ni mo ń lò. Bó bá jẹ́ G1000, mo máa ń padà sí TAA, màá wá fa Render Scaling, ìwọ̀n tí eré fi ń ya àwòrán, wálẹ̀ sí 80.

Bó bá jẹ́ Wi-Fi lẹ fi ń gbé àwòrán lọ sínú headset, ẹ fi wáyà so kọ̀ǹpútà mọ́ router, kí router wà nínú yàrá kan náà, lórí 5 GHz. Ẹ fi Virtual Desktop sí Medium tàbí High. Godlike, ìpele tó ga jù níbẹ̀, kì í ṣe ti 3060.

Ibi tí ẹ ti ń dán an wò náà ṣe pàtàkì. Láti Alákìá ní Ìbàdàn títí dé Ìkẹjà, gbogbo rẹ̀ á máa lọ gẹ́rẹ́gẹ́. Ẹ wá gbé bàálù kan náà lọ sí òkè Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti fi fọ́tò ojú òfuurufú kọ́ àwọn ilé, kí ìkùukùu sì pọ̀, ẹ ó rí ohun tó ń jẹ́ ìdádúró. Àmọ́ bó bá jẹ́ Ìbàdàn, Èkó àti Àbújá nìkan lẹ ń fò, kí lẹ ń fi ìyà Lọ́ńdọ̀nù jẹ ara yín sí? Ẹ pa Photogrammetry, ìyẹn àwọn ilé tí wọ́n fi fọ́tò kọ́ yẹn, kì í jẹ́ kí dátà pẹ́ lápò.

Bí àwòrán bá ti dúró, joystick ló kàn. Ẹ ṣí Sensitivity nínú Controls, kí ẹ gbọ́wọ́ kúrò lórí joystick, kí ẹ máa wo àmì tó wà níbẹ̀. Bó bá ń fò fúnra rẹ̀, ìgbà yẹn lẹ tó lè sọ pé ó ní àrùn. Eruku ọyẹ́ máa ń wọ inú àwọn tó ń lo potentiometer, ohun tó ń fi ara kan ara ka ìrìn ọwọ́. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn irú joystick T.16000M nìyẹn, mágnẹ́ẹ̀tì ló ń ka bí ẹ ṣe ń tì í síwájú, sẹ́yìn, sọ́tùn-ún àti sósì nínú tirẹ̀. Bí àmì náà bá dúró jẹ́ẹ́, ẹ fa Sensitivity sí bíi -30 fún apá àti ìrù, kí àárín rọ̀ lọ́wọ́ yín. Dead zone (àárín tí eré kò ní í kà) 3% tó fún wọn, àmọ́ èyí tí ẹ ń lọ́ fún rudder, abẹ́ ìrù tó ń yí imú bàálù, lè tó 8%. Ẹ má fọwọ́ kan Reactivity, bí bàálù ṣe ń yára gbọ́ ọwọ́, ẹ fi sílẹ̀ ní 100%, torí pé bí ẹ bá dín in kù, ìdádúró tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lé jáde lẹ tún ń pè wọlé. Bí agbára ẹ́ńjìnnì bá ń lọ sókè sódò fúnra rẹ̀, ẹ wò ó bóyá ẹ̀rọ méjì ni Throttle wà lórí wọn, kí ẹ yọ ọ̀kan.

Ojú yín ò ní rí kíbọ́ọ̀dù mọ́ bí ẹ bá ti wọ headset, nítorí náà ẹ kó trim (tó ń mú kí ọ̀pá fúyẹ́ lọ́wọ́), flap (pátákó ẹ̀yìn apá tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ fún ìbalẹ̀), bíréèkì àti bọ́tìnnì tó ń dá ojú padà sí àárín sórí joystick. Bí òòyì bá sì ti ń kọ́ yín, ẹ bọ́ ọ kúrò lójú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ má bá a ṣagídí. Ẹni tó bá ṣagídí, ara rẹ̀ lè má fẹ́ rí headset mọ́ fún ọjọ́ pípẹ́.

Ẹ lọ sí òkè ibi tí ẹ ti máa ń fò lónìí, kí ẹ wo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, MainThread ni tàbí GPU, kí ẹ fi tó mi létí. Màá bá yín wá ọ̀nà àbáyọ láti ibẹ̀.