Skimmer ń da omi sílẹ̀ nígbàkígbà tí iná bá dé: ṣé kí n ra òmíràn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àkóbọ̀, n'Ìbàdàn níbí, ni mo ń gbé. Mo ní aquarium (àpótí gíláàsì tí mo ń sin ẹja sí) omi iyọ̀ kan: gígùn rẹ̀ 120 sẹ̀ǹtímítà, ìbú 50, gíga 50, sump, ìyẹn àpótí omi kejì tí àwọn pọ́ǹpù wà, wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fi skimmer, ẹ̀rọ tó ń fi ìfófó yọ ìdọ̀tí kúrò nínú omi, ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, transformer ni mo sì fi ń lò ó. Bí iná bá wà láti àárọ̀ dalẹ́, ìfófó rẹ̀ kì í gòkè dé inú ife ìdọ̀tí tó wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá mú iná lọ tí wọ́n sì tún mú un dé, omi lásán ló máa kún ife tí yóò sì ṣàn sílẹ̀. Ṣé kí n ra èyí tó tóbi ju èyí lọ? Báwo ni mo ṣe máa tọ́jú rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì náwó. Ìṣòro méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ sọ yìí, kò sì sí èyí tí títóbi skimmer máa yanjú nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ìfófó. Ẹ yọ pọ́ǹpù, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí 120V 60Hz. Transformer máa ń sọ 230V di 120V, àmọ́ kì í fọwọ́ kan hertz (iye ìgbà tí iná ń yí padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), 50Hz sì ni iná tiwa. Irú pọ́ǹpù yìí ń yí tẹ̀lé hertz iná ni, nítorí náà yóò máa fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà falẹ̀ ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ. Afẹ́fẹ́ tó ń fà wọlé á dín kù, hóró rẹ̀ á sì tóbi. Bẹ́ẹ̀, hóró afẹ́fẹ́ wínníwínní ni gbogbo iṣẹ́ skimmer: ìdọ̀tí láti ara ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù máa ń lẹ̀ mọ́ ara hóró wọ̀nyí, wọn á sì gbé e gòkè sínú ife kí ó tó jẹrà di ammonia àti nitrate. Omi iyọ̀ ló ń jẹ́ kí hóró náà wà ní wínníwínní, ìdí nìyẹn tí skimmer kò fi fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún àwọn tó ń sin ẹja àrọ̀. Pọ́ǹpù nìkan ni kí ẹ pààrọ̀: ẹ béèrè 220–240V 50Hz ti skimmer yẹn gan-an. Tí ẹ bá rí èyí tó ń lo DC (irú iná bátìrì), tó ní adapter tó ń gba 100 sí 240V, ìyẹn tún dára jù, torí hertz kò kàn án.

Ti omi tó ń ṣàn sílẹ̀ ńkọ́? Bí iná bá lọ, omi tó wà ní òkè aquarium máa ń ṣàn wá sínú sump, omi sump á sì ga sí i. Bí iná bá dé, pọ́ǹpù skimmer àti èyí tó ń dá omi padà sókè á bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, skimmer á wà nínú omi tó jìn ju bó ṣe yẹ, omi á sì gba ọrùn rẹ̀ (ọ̀nà tí ìfófó ń gbà gòkè dé inú ife) jáde. Ẹ ra fridge guard tí wọ́n fi ń ṣọ́ firiji, kí ẹ fi skimmer nìkan sára rẹ̀. Á dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó fún skimmer níná, pọ́ǹpù tó ń dá omi padà sókè á sì ti fa omi sump wálẹ̀ kó tó tàn. Ẹ má fi pọ́ǹpù ìdápadà sára fridge guard yẹn o. Bí ẹ bá ń lo inverter, kó jẹ́ pure sine wave (èyí tí iná rẹ̀ rí bíi ti NEPA), torí èyí tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ máa ń mú kí pọ́ǹpù kùn kó sì gbóná.

Jíjìn omi tí skimmer dúró sí ṣe pàtàkì gan-an. Ọ̀pọ̀ ló fẹ́ 15 sí 25 sẹ̀ǹtímítà, ìwé tó bá a wá ni kí ẹ tẹ̀ lé. Yàrá sump tí gíláàsì dá omi rẹ̀ dúró sí ojú kan ni kí ó wà. Yàrá tí pọ́ǹpù ìdápadà wà ni omi ti máa ń gbẹ dín kù, pàápàá nígbà ọyẹ́. Omi RO (omi tí wọ́n fi ẹ̀rọ sẹ́ mọ́) tí kò ní iyọ̀ lẹ máa fi dí èyí tó gbẹ, kì í ṣe omi borehole.

Ní ti títóbi, 120 × 50 × 50 pín sí 1,000 jẹ́ 300 lítà. Òkúta àti yanrìn á gbà nínú rẹ̀, ó lè ku 250. Èyí tí wọ́n kọ 400 lítà sí tó bí ẹja bá pọ̀. Bí ẹja kò bá ju mẹ́ta mẹ́rin kékeré lọ, 300 tó. Tó bá tóbi jù, ìdọ̀tí tó máa mú ìfófó dúró kò ní tó.

Ìtọ́jú: ọrùn ló ń tètè bàjẹ́. Ọ̀rá aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń yọ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ọn nínú, bí ìfófó bá sì ti kan ọ̀rá yẹn, ó fọ́ nìyẹn. Ẹ fi aṣọ mímọ́ nù ún ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta, ẹ fọ ife lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ má lo ọṣẹ rárá, torí ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù lè mú kó máa hó ṣàn sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Iyọ̀ tún máa ń dì sí ojú ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ẹ ki ẹnu họ́ọ̀sì rẹ̀ bọ inú ife omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kó fà á mu díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, iyọ̀ náà á yọ́. Lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, ẹ yọ pọ́ǹpù lára iná, kí ẹ rẹ ẹ́ fún wákàtí kan sínú fínígà àti omi tó dọ́gba, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ibi tí mágnẹ́ẹ̀tì ń yí sí, kí ẹ sì fi omi ṣàn án dáadáa.

Bí ẹ bá to ó padà, ẹ yí fáàfù títí omi tó ń hó fi dé ìsàlẹ̀ ọrùn, kí ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí díẹ̀ kí ẹ tó tún fọwọ́ kàn án. Tuntun lè gba ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kó tó balẹ̀.

Ẹ tún kíyè sí i pé afẹ́fẹ́ yàrá ni skimmer ń fà sínú omi. Bí ẹ bá fẹ́ fín oògùn ẹ̀fọn, ẹ pa á, ẹ bo aquarium, kí ẹ ṣí fèrèsé títí òórùn fi máa lọ tán kí ẹ tó tún tàn án. Oògùn yẹn máa ń pa edé àti akàn kó tó kan ẹja. Tí ẹ bá sì fẹ́ fa họ́ọ̀sì afẹ́fẹ́ rẹ̀ gba ojú fèrèsé, ẹ má lo ẹ̀gbẹ́ tí jẹnẹrétọ̀ yín tàbí ti aládùúgbò wà.