Kọ́bọ̀ kan nínú náírà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Òṣìṣẹ́ ìlera ni mí lẹ́bàá Ìsẹ́yìn. Mo ṣe pátákó kan láti ṣàlàyé owó ìlera alábọ́ọ́dé fún ará abúlé. Ọ̀rọ̀ kún un bámúbámú, kò sẹ́ni tó dúró kà á. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, ẹ̀kọ́ yìí ná mi lówó. Nígbà kan, mo tẹ ìwé ìléwọ́ nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìyá àgbà kan yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, “Èmi wá dà níbẹ̀?” Mo tún gbogbo rẹ̀ yà.

Òfin Ìlera ọdún 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀ ya ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un sọ́tọ̀ fún ìlera alábọ́ọ́dé tí ò ń ṣàlàyé yìí. Kọ́bọ̀ kan nínú náírà kan nìyẹn! Ya àwòrán ọgọ́rùn-ún kọ́bọ̀, kun ẹyọ kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà, ya aláboyún kan láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, kí kọ́bọ̀ yẹn máa bá a lọ: ó di oògùn, ó di àtùpà yàrá ìgbẹ̀bí. (Má fi àwọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú kankan kùn ún o, wọn á ní ìpolongo ìbò ni.) Wo iṣẹ́ àwọn BudgIT, àjọ kan tí kì í ṣe ti ìjọba, pẹ̀lú, láti 2011 ni wọ́n ti ń fi àwòrán tú ìṣúná ìjọba palẹ̀.

Kí o tó tẹ̀ ẹ́, gbé e fún alákàrà àdúgbò. Má sọ nǹkan kan. Jẹ́ kí òun ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ.