Ọ́ìlì Síńtẹ́tíìkì Kọ́ Ló Ń Mú Kílọ́ọ̀ṣì Yọ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Bódìjà ni mo ń gbé. Mo ní páwà báìkì Honda tókùnbọ̀ kan, irú èyí tí wọ́n ṣe fún ìrìn àjò jíjìn, mo sì máa ń gùn ún lọ sí Ìlọrin àti Àkúrẹ́. Lóṣù tó kọjá mo ra gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì síńtẹ́tíìkì 5W-30 olówó gọbọi, mo ní kí wọ́n dà á sí i. Láti ìgbà náà, bí mo bá fún un níná, ẹ́ńjìnnì á ké sókè, àmọ́ eré rẹ̀ kò ní pọ̀ sí i. Mẹ́káníìkì mi ní Gate sọ pé kílọ́ọ̀ṣì ló ń yọ̀, pé síńtẹ́tíìkì ló fà á, pé 20W-50 tó ki ló yẹ ilẹ̀ olóoru bíi tiwa. Ṣé òótọ́ ni? Èwo ni kí n rà?

Ìdáhùn: Kílọ́ọ̀ṣì yín, ìyẹn ohun tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí jíà, ń yọ̀ lóòótọ́, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mẹ́káníìkì yín ti tọ̀nà. Ìyókù kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ́ìlì mọ́tò lẹ dà sínú alùpùpù. Ká ní ọ́ìlì mọ́tò tí kì í ṣe síńtẹ́tíìkì lẹ rà, tó sì ní èròjà kan náà nínú, bákan náà ni ì bá ṣe yín. Ẹ má tíì náwó lórí 20W-50 kankan.

Nínú mọ́tò oníkílọ́ọ̀ṣì, gbígbẹ ni kílọ́ọ̀ṣì máa ń wà, jíà sì ní ọ́ìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ alùpùpù, ọ́ìlì kan ṣoṣo ló ń ṣe gbogbo rẹ̀: ó ń fọ inú ẹ́ńjìnnì, ó ń tù ú, òun ló wà láàárín eyín jíà, inú rẹ̀ náà ni pléètì kílọ́ọ̀ṣì wà. Àwọn pléètì yìí tò léra wọn, irin lásán kan, èyí tí wọ́n lẹ nǹkan bí ojú bíréèkì mọ́ lára kan, bẹ́ẹ̀ títí. Sípíríǹgì ló ń tẹ̀ wọ́n pọ̀. Ọ́ìlì bò wọ́n, síbẹ̀ wọn ò gbọdọ̀ yọ̀.

Àwọn tó ń ṣe mọ́tò ò fẹ́ kí ọkọ̀ wọn máa jẹ epo púpọ̀. Torí náà, àwọn tó ń po ọ́ìlì máa ń fi èròjà tó ń mú irin yọ̀ kún un, bíi èyí tó ní molybdenum nínú. Fún ẹ́ńjìnnì, kò sí wàhálà. Fún pléètì kílọ́ọ̀ṣì, ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá fi ọwọ́ tí ilá kún di ọmọ odó mú. Inú àwọn ọ́ìlì tó fúyẹ́ bíi 0W-20, 5W-20 àti 5W-30 ti mọ́tò lèyí wọ́pọ̀ sí jù. Ẹ wo àmì róbótó API (àjọ epo rọ̀bì ilẹ̀ Amẹ́ríkà) lára gálọ́ọ̀nù yín. Bí wọ́n bá kọ Energy Conserving tàbí Resource Conserving sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe ti alùpùpù yín. Honda fúnra wọn kọ ìkìlọ̀ yìí sínú ìwé tó ń bá alùpùpù wọn wá, ṣùgbọ́n tókùnbọ̀ kì í sábà gbé ìwé dé.

Kí ló wá kan síńtẹ́tíìkì nínú èyí? Kò kàn án. Bí wọ́n ṣe ṣe ọ́ìlì ìpìlẹ̀ lásán lorúkọ yẹn ń sọ. Mínírà, wọ́n kàn fọ̀ ọ́ jáde láti ara epo rọ̀bì ni. Síńtẹ́tíìkì, wọ́n fi kẹ́míkà tún un tò títí ara rẹ̀ fi dọ́gba, ìdí nìyẹn tí ooru kì í fi í tètè bà á jẹ́. Èyíkéyìí nínú méjèèjì lè jẹ́ kí pléètì di ara wọn mú, èyíkéyìí sì lè mú wọn yọ̀. Ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn ló ń pinnu.

Ibi tí wọ́n ti ń dá a mọ̀ ni ìdiwọ̀n JASO T 903, tí àwọn ará Japan gbé kalẹ̀ ní 1998. Wọ́n á da ọ́ìlì sórí pléètì kílọ́ọ̀ṣì lórí ẹ̀rọ, wọ́n á wọn ohun mẹ́ta: bí pléètì ṣe ń di ara mú nígbà tó ṣì ń yí, bó ṣe ń di ara mú nígbà tó ti dúró, àti àkókò tó gbà kó tó dúró. Èyí tó bá yege ni wọ́n ń fún ní MA. Láti 2006 ni MA1 àti MA2 ti wà, MA2 ló ń jẹ́ kó di ara mú jù. MB wà fún àwọn sìkúútà tí kílọ́ọ̀ṣì wọn ò sí nínú ọ́ìlì. Tiyín kò sí lára wọn. Nínú gbogbo ìdánwò yìí, kò sẹ́ni tó béèrè bóyá síńtẹ́tíìkì ni ọ́ìlì náà. Ìdí nìyẹn tí 10W-30 tó ní JASO MA fi lè wọ inú àwọn Honda kan láìséwu, tí 5W-30 ti mọ́tò sì ń ba tiyín jẹ́.

Nítorí náà, JASO MA tàbí MA2 ni kí ojú yín kọ́kọ́ wá. Inú àpótí kékeré lẹ́yìn ike ló máa ń wà, nọ́ńbà lókè, MA2 nísàlẹ̀. Àwòrán alùpùpù níwájú ike kì í ṣe ẹ̀rí ohunkóhun. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wo lẹ́tà ìpele API: kó jẹ́ SG tàbí èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí owó bá wà, ẹ ra síńtẹ́tíìkì. Bí kò bá sí, ààbọ̀ síńtẹ́tíìkì tó ní MA2 ti tó.

Ní ti kíki: 20W-50 bá ọ̀pọ̀ ọ̀kadà tí atẹ́gùn ń tù mu, ibẹ̀ ló jọ pé mẹ́káníìkì yín ti mú un. Bí tiyín bá ní rédíétọ̀, tẹmosítáàtì ló ń pinnu bí ẹ́ńjìnnì ṣe máa gbóná tó, kì í ṣe oòrùn Ìbàdàn. 10W-40 ló bá ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ mu. Ẹ wá ìwé ọkọ̀ yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ fi orúkọ àti ọdún rẹ̀ wá a. Bí ohun tó wà níbẹ̀ bá yàtọ̀ sí tèmi, tibẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Mi ò rí ọkọ̀ náà lójú. Alùpùpù BMW onísílíńdà méjì ti àtijọ́, ọ̀pọ̀ Moto Guzzi àti ọ̀pọ̀ Harley kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, ètò kílọ́ọ̀ṣì tiwọn yàtọ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú. Àwọn kan ń sẹ́ ọ́ìlì jíjó, wọ́n á dà á padà sínú ike tuntun. Ẹ wo bébà tó bo ẹnu rẹ̀ àti nọ́ńbà ìpele tí wọ́n tẹ̀ sára ike. Bí wọ́n bá ṣe é ní Nàìjíríà, ẹ wo àmì MANCAP ti SON, àjọ ìjọba tó ń rí sí ojúlówó ọjà. Ẹ lu ike tẹ́ ẹ bá lò tán jò kẹ́ ẹ tó jù ú nù. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà yín ní ìgò kékeré tí wọ́n ń dà mọ́ ọ́ìlì kí ẹ́ńjìnnì lè “rọ̀”. Èròjà tó kó yín sí wàhálà yìí gan-an ló máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ wọn.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ bí ìṣẹ́jú márùn-ún, kẹ́ ẹ wá tú nọ́ọ̀tì ìdí rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ fílítà, ẹ fi wáṣà tuntun sí nọ́ọ̀tì, kí ẹni tó ń dì í sì lo sípánnà tó ń wọn agbára. Alumíníọ̀mù ni ìdí ẹ́ńjìnnì yẹn. Ẹni tó bá gun orí sípánnà á ba tíréèdì inú ihò rẹ̀ jẹ́. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá da tuntun sí i, ẹ tan án bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ pa á, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta, kẹ́ ẹ wá wo gíláàsì tàbí géèjì nígbà tí ọkọ̀ bá dúró ṣánṣán, kì í ṣe lórí ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́. Kó má kọjá ilà òkè: bó bá pọ̀ jù, á máa hó, á sì wọ inú ilé atẹ́gùn. Díẹ̀ lára ti mọ́tò ṣì máa kù nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ tún un pààrọ̀ lẹ́yìn 500 kìlómítà.

Bó bá ṣì ń yọ̀, ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì. Bó bá jẹ́ oníwáyà, ẹ wo lífà kílọ́ọ̀ṣì: orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ sókè sódò ní mílímítà 10 sí 20 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa nǹkan. Bí wáyà bá le jù, kílọ́ọ̀ṣì á yọ̀ láìka irú ọ́ìlì tó wà níbẹ̀ sí. Bí ìyẹn bá dára, kí wọ́n yọ pléètì jáde, kí wọ́n wọn bó ṣe nípọn tó àti bí sípíríǹgì ṣe gùn tó, kí wọ́n fi wé iye tó wà nínú ìwé. Èyí tó bá ti jó, odindi sẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ pààrọ̀, kí wọ́n sì rẹ ẹ́ sínú ọ́ìlì MA2 mọ́jú kí wọ́n tó tò ó.