Èsì: Ọmọ tó fẹ́ kọ́ wẹ́dà ní tẹkíníkà nílé. Ẹ bèèrè ìwé àṣẹ NBTE, àjọ tó ń fọwọ́ sí tẹkíníkà, kí ẹ tó san kọ́bọ̀

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Birmingham, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ ní ọmọ àbúrò yín ti parí JSS3 ní Abẹ́òkúta, pé irin jíjó ló wù ú, ẹ fẹ́ fi í sí tẹkíníkà, ẹ wá ń bèèrè ẹni tó ti ti òkè òkun ṣe é rí. Èmi nìyí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni, Leeds níbí ni mo ti ń san gbogbo owó rẹ̀, ojú mi sì rí nǹkan.

Ti fọ́ọ̀mù kò le. Èsì BECE, NIN, ìwé ọjọ́ ìbí, fọ́tò, ẹnikẹ́ni nílé lè bá yín kó wọn lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ló ṣe ìyẹn, kò pẹ́ rárá.

Ilé ìwé aládàáni ló mú ọmọ lọ. Pátákó ẹnu ọ̀nà wọn tóbi, wọ́n kọ "Technical College" gàdàgbà sí i, wọ́n ya wẹ́dà tó fi ìbòjú bojú, iná ń ta pàrà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp: "Ìyá Ìbejì, ó ti bọ́ sí i o!" Kí n má parọ́, wọ́n kọ́ ọmọ níṣẹ́ níbẹ̀. Tó bá pè mí, á máa ka ẹlẹ́kitíródù, ọ̀pá tí wọ́n fi ń jó irin, fún mi bí ẹni ń ka oríkì: 6013 rèé, 7018 rèé, pé èyí èkejì kò gbọdọ̀ gba ọ̀rinrin rárá, torí tó bá gbà á, ojú ibi tí wọ́n jó lè sán tó bá yá. Inú mi dùn. Mo ti ń sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì pé a ti ní ẹnjiníà.

Ó di ọdún kẹta, wọ́n lẹ orúkọ àwọn tó máa ṣe ìdánwò NABTEB, èyí tí àwọn ọmọ tẹkíníkà fi ń jáde, mọ́ ara ògiri. Ọmọ pè mí, ohùn rẹ̀ ti yí padà. Gbogbo àwọn tó ń kọ́ wẹ́dà, Mechanical Engineering Craft Practice ni wọ́n kọ sí iwájú orúkọ wọn. Mo pe ilé ìwé. Ọkùnrin tó gbé fóònù ní, "Madam, irin náà ni, kí ló wá yàtọ̀?" Ó yàtọ̀ o! Fáìlì tí wọ́n fi ń rẹ́ irin ni tọ̀hún, leédì tó ń yí irin kí wọ́n lè gé e ni, ẹ̀rọ tí ọmọ yìí ò ju ẹni tó ń gbálẹ̀ abẹ́ rẹ̀ lọ.

Ohun tó fà á rèé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á. Àjọ NBTE tó wà ní Kàdúná ló ń fọwọ́ sí tẹkíníkà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fọwọ́ sí, kì í ṣe gbogbo ọgbà ilé ìwé lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé ìwé kan lè ní àṣẹ fún iṣẹ́ iná mànàmáná àti ti káfíńtà, kó má ní ti wẹ́dà, kó sì máa kọ́ àwọn ọmọ ní wẹ́dà lọ ràì. Ọjọ́ ìdánwò ni àṣírí ń tú. Tiwa kò ní in. Láti ọdún kìíní ni gbogbo olùkọ́ ibẹ̀ ti mọ̀, kò sẹ́ni tó là á fún òbí kankan. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi lọ bá wọn, ọ̀gá tó ń mójú tó ìdánwò ní àwọn ará Kàdúná ti wá wò wọ́n, pé ìwé ń bọ̀ lọ́nà. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìgbà wo ni wọ́n wá? Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í wá bírò lábẹ́ tábìlì.

A kó ọmọ lọ sí ti ìjọba. Àwọn yẹn ní ó gbọ́dọ̀ padà sí kíláàsì ẹ̀yìn. Owó ilé ìwé tí mo ti san, owó aṣọ iṣẹ́, owó ẹlẹ́kitíródù tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wa ní táàmù kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ wọgbó. Alẹ́ ni mo ń ṣiṣẹ́ níbí o, ilé arúgbó, gbígbé àgbàlagbà sókè sódò. Tí mo bá rántí ọ̀gá tó ń wá bírò yẹn, inú mi ṣì máa ń ru.

Nítorí náà, kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ ní kí wọ́n mú lẹ́tà NBTE jáde kí wọ́n sì yà á ránṣẹ́. Orúkọ iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ gbangba: Welding and Fabrication. Ẹ wo ọjọ́ tí àṣẹ náà máa parí, torí ó ń parí o, àwọn kan á sì máa fi ti àtijọ́ han èèyàn. Ẹ má gba "ó wà lọ́wọ́ ọ̀gá" tàbí "nẹ́tíwọ̀kì ò dáa lónìí". Tí wọ́n bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹni yín kọjá sí ọ́fíìsì NABTEB ìpínlẹ̀, kó bèèrè iṣẹ́ tí ilé ìwé náà ń forúkọ ọmọ sílẹ̀ fún. Wọ́n á kọ́kọ́ ní kó jókòó. Kó jókòó. Lọ́dún kẹta, kí ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò tó tì, ọmọ fúnra rẹ̀ ni kó ya ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde fún un ránṣẹ́ sí yín. Ẹ wo orúkọ iṣẹ́, kí ẹ wo orúkọ ọmọ lẹ́tà lẹ́tà pẹ̀lú NIN rẹ̀. Ẹ má fi èyí lé ẹ̀gbọ́n tàbí bùrọ̀dá kankan lọ́wọ́. Tèmi kì í ṣe olè, ó kàn jẹ́ ẹni tí gbogbo nǹkan máa ń "bọ́ sí i" fún ni.

Ẹni tó dáhùn ṣáájú mi ní kí ẹ kàn fi ọmọ sọ́dọ̀ ọ̀gá wẹ́dà ládùúgbò, tó bá ṣe fírídọ̀m tán kó lọ ṣe Trade Test ti iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, láti Grade 3 dé Grade 1. Òótọ́ ni, ọ̀nà gidi ni fún ẹni tó ti dàgbà. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí JSS3, ẹ jẹ́ kó gba NTC, ìwé ẹ̀rí tẹkíníkà tí NABTEB ń fúnni. Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò wà nínú rẹ̀, tó bá ní kírẹ́díìtì tó pé, ó lè gba JAMB bọ́ sí poly. Àwọn bàbá wa tó ń fi City and Guilds, ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ ti àwọn òyìnbó, yangàn, irú ìdánwò yẹn náà ni NABTEB gbà ṣe láti 1992 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ sí Benin. Tèmi ti gba tiẹ̀, wẹ́dà ni wọ́n kọ sí i, ó sì ti ń rí iṣẹ́ ṣe ní Ṣágámù.

Tó bá jẹ́ pé ẹ ń rò ó láti mú un wá síbí lọ́jọ́ iwájú, ẹ sọ fún un kó má gbẹ́kẹ̀ lé ìwé nìkan. Wọ́n á ní kó jó irin lójú wọn, ìdánwò BS EN ISO 9606-1. Tó bá gbà á, ẹni tó gbà á síṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa fọwọ́ sí i ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó bàjẹ́ nìyẹn. Kó ti máa gbìyànjú páìpù 6G nílé, èyí tí wọ́n ń dè mọ́ ojú kan ní ìdagẹ̀rẹ̀, tí ẹni tó ń jó o kò gbọdọ̀ yí i.

Ẹ tún bèèrè bóyá kí ẹ ra ẹ̀rọ ìjórin ránṣẹ́. Ẹ má ra èyí tó ní púlọ́ọ̀gì yẹ́lò tí wọ́n ń tà lọ́jà àlòkù fáwọn oníkọ́lé, iná 110 volt ló ń lò, iná ilé wa á jó o dànù. Ìbòjú tó ń ṣú fúnra rẹ̀ àti gílọ́ọ̀fù aláwọ ni kí ẹ fi sínú báàgì ẹni tó bá ń lọ sílé. Ẹ sọ orúkọ ilé ìwé tí wọ́n mú wá fún yín, ẹ fi ránṣẹ́ sí ínbọ́ọ̀ksì mi. Mo ní ẹnìkan ní Òkè-Mosàn, ọ́fíìsì ìjọba ní Abẹ́òkúta, tó lè bá yín yẹ̀ ẹ́ wò.