Mi ò ṣubú, àmọ́ iná ti ń kú: ìbéèrè yín àti ìdáhùn wa

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún 11 rèé tí mo ti gba Jésù. Mi ò mutí, mi ò ṣèṣekúṣe, mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, ìdámẹ́wàá mi ń wọlé déédéé. Àmọ́ ká sòótọ́, mi ò rántí ìgbà tí mo gbàdúrà kẹ́yìn tó kọjá "Olúwa ṣọ́ wa sùn". Tí pásítọ̀ bá ń wàásù, ẹni tọ́rọ̀ yẹn bá mu ni mò ń wò káàkiri ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé kò dùn mí rárá. Ṣé mo ti ń padà sẹ́yìn ni? (Ẹni tí ara rọ̀)

Ìdáhùn: Àbúrò mi, orúkọ tóo fi pe ara ẹ yẹn, inú Bíbélì ló ti wá o, Ámósì 6:1, ègbé ni fáwọn tí ara rọ̀ ní Síónì. Síónì ni wọ́n wà o, kì í ṣe ojúbọ òrìṣà.

Kọ́kọ́ bi ara ẹ ná: ṣé ó rẹ̀ ẹ́ ni àbí o ti jókòó tẹ̀ẹ́ẹ́? Wọn ò jọra. Èlíjà nínú 1 Àwọn Ọba 19 ní kóun kú, Ọlọ́run ò sì kọ́kọ́ bá a wí, áńgẹ́lì ló jí i pé kó jẹun, ó jẹ, ó tún sùn, ó tún jẹ. Tó bá jẹ́ pé ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ ẹ́ tàbí o ò róorun sùn, lọ sinmi, má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni pariwo lé ẹ lórí.

Àmọ́ lẹ́tà ẹ ò jọ ti ẹni tó rẹ̀, ó jọ ti Laodíkíà. Ìlú ọlọ́rọ̀ nìyẹn, nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì tí ìlú wó ní nǹkan bí ọdún 60 lẹ́yìn ìbí Krístì, owó ara wọn ni wọ́n fi tún un kọ́, wọn ò gba ìrànlọ́wọ́ ìjọba Róòmù, torí náà nígbà tí ìjọ ibẹ̀ ń sọ nínú Ìfihàn 3 pé àwọn ò ṣaláìní nǹkan kan, ọ̀rọ̀ ẹnu ará ìlú ló ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn. Jésù ní wọn ò tutù, wọn ò sì gbóná, wọ́n kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Àwọn kan máa ń ní "tutù" túmọ̀ sí aláìgbàgbọ́, èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Omi gbígbóná ń sun ní Hierapolis nítòsí wọn, àwọn èèyàn ń wẹ̀ ẹ́ fún ìwòsàn, omi tútù náà sì ṣeé mu fẹ́ni tóòrùn pa. Èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kò wúlò fún ẹnì kankan.

Èmi náà ṣe é rí. Mò ń kọ́ni ní Bíbélì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àfìgbà tí mo bá fẹ́ lọ kọ́ni nìkan ni mò ń ṣí i. Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ló bò mí lójú, ẹ ò lè fura sí mi, èmi gan-an ò fura.

Nítorí náà mi ò ní ní kóo lọ wọ ẹgbẹ́ míì tàbí kóo gbààwẹ̀ ọjọ́ 21. Ohun tí Jésù sọ fún Éfésù nínú Ìfihàn 2:5 ni pé kí wọ́n rántí, kí wọ́n ronú pìwà dà, kí wọ́n ṣe iṣẹ́ ìṣáájú, kò ní kí wọ́n dúró dìgbà tára wọn bá tó gbóná. Mú Máàkù, orí 16 péré ni, máa ka orí kan lójúmọ́, má fi kọ́ ẹnikẹ́ni, má fi sórí status. Ibi tó bá gún ẹ, dúró níbẹ̀, má wo ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ. Kóo sì bi ẹnì kan tẹ́ ẹ jọ ń gbélé pé kí ló ti yí padà lára ẹ, kì í ṣe pásítọ̀ o, ẹni tó ń rí ẹ nígbà tínú bá ń bí ẹ. Má jiyàn tó bá dáhùn.

Ìbéèrè: Ọkọ mi ló rí báyìí ní tiẹ̀. Mo máa ń fi ìwàásù ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, kì í ṣí i. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ má fi ránṣẹ́ mọ́. 1 Pétérù 3:1 tiẹ̀ sọ pé "láìsọ ọ̀rọ̀" ni. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ kàn bi wọ́n pé "kí ni kí n bá yín gbàdúrà lé lórí?" Tí wọ́n bá sọ ọ́, ẹ gbàdúrà ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn.