Èsì: Ìjà ọmọ ìyá àti ìgbéyàwó ọjọ́ iwájú
Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ béèrè bóyá ìjà ojoojúmọ́ àwọn ọmọ yín lè kó bá ìgbéyàwó wọn lọ́la. Bí wọ́n ṣe ń parí ìjà náà ni kí ẹ máa ṣọ́, nítorí ibẹ̀ ni ọmọ ti ń kọ́ bí a ṣe ń gbà fún ẹlòmíràn. Ní agboolé wa ní Ìlọrin, bí wàrà dídì tí a ń gé bá délé, ẹ̀gbọ́n ni yóò gé e, àbúrò ni yóò kọ́kọ́ mú. Nítorí náà, ọ̀bẹ kì í yà sí apá kan. Ní ti ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn máa ń sọ pé ìwà àkọ́bí le ju ti àbíkẹ́yìn lọ (àwọn àgbà wa kò ní gbà!), ìwádìí kan tí ó jáde ní 2015, lórí ènìyàn tí ó lé ní 20,000 ní Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì, kò rí i bẹ́ẹ̀. Ojúsàájú òbí ni èmi bẹ̀rù jù, nítorí ó lè dá ìṣọ̀tá sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ títí di àgbà.